Oòrùn ti jó ológbò mi tí kò nírun, ẹ gbà mí o!

Ìyá Àlímá, Houston: Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá wà lójúfò kó dákun dá mi lóhùn. Ọmọ mi ló mú Sphynx kan wálé, ológbò tí kò nírun lára yẹn. Ó funfun, la bá sọ ọ́ ní Wàrà. Lánàá, ó sùn sẹ́yìnkùlé láti aago 11 títí mo fi kírun Àìlà tán. Nígbà tó fi máa di alẹ́, etí rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n bí epo, bí mo ṣe fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ ló figbe ta. Mo ti fi sunscreen ọmọ ìkókó, ìpara tó ń dí oòrùn, pa á lára. Kí ni kí n tún ṣe? Wákàtí mélòó ló lè lò níta? Etí tó ń bó yìí ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester: Àǹtí, ẹ nù ún kúrò! Ẹ má tíì ka èyí tó kù. Aṣọ rírọ̀, omi tí kò gbóná tí kò sì tutù jù. Ẹ wo ẹ̀yìn ike rẹ̀, bí ẹ bá rí zinc oxide, ẹ pe dókítà ẹran lónìí.

Bàbá Faruku, Toronto: Ẹ fara balẹ̀ ná. Ohun tí kò pa ọmọ ìkókó lára, báwo ló ṣe máa pa ológbò?

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester: Bàbá, ẹ má bínú, ọmọ ìkókó kì í fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi pa ológbò lára, inú rẹ̀ ló ń lọ. Ti ọmọdé gan-an ni zinc sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Ti àgbà, ẹ máa rí octisalate àti homosalate níbẹ̀. Ọmọ ìyá aspirin ni wọ́n, agbára ẹ̀dọ̀ ológbò kò ká wọn. Òru méjì gbáko ni tèmi fi bì.

Màmá Tóyìn, Maryland: Tèmi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àánú ìrora rẹ̀ ló ṣe mí, mo fọ́ parasitamọ́ọ̀lù sí méjì, mo fún un ní ìlàjì. Kò pẹ́ tí mo fi ṣí ẹnu rẹ̀ wò: èrìgì tó máa ń pọ́n ròdòròdò ti rí bí obì tí wọ́n là sílẹ̀ láti àná. Ojú rẹ̀ wú, ó ń mí gúlegúle. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ dókítà, mo san dọ́là 1,840. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi lọ sin ìyá ọkọ mi l'Ọ́mù-Àrán nìyẹn. Ẹ̀yin ará, ẹ má fún ológbò ní oògùn ènìyàn àfi tí dókítà ẹran bá ní kẹ́ ẹ fún un.

Ìyá Àlímá, Houston: Mo ti nù ún. Zinc oxide wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Dókítà ní kí n gbé e wá ní aago 3. Òrí ńkọ́? Èyí tí wọ́n gbé wá fún mi láti Ọjà Ọba ṣì wà nílẹ̀.

Bàbá Faruku, Toronto: Ẹ ṣeun! Òrí la fi tọ́ gbogbo yín.

Màmá Tóyìn, Maryland: Bàbá, òrí ń mú awọ rọ̀ ni, kì í dí oòrùn. Sphynx fúnra rẹ̀ ń ṣòróró lára, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń wẹ tèmi. Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó jáde láàárín aago 10 sí 4. Ẹ ra ẹ̀wù kọ́tìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un, kẹ́ ẹ sì ta kọ́tìnnì, torí oòrùn kan wà tó ń gba inú gíláàsì kọjá. Ẹ̀wù kò bo etí o, etí àti imú sì ni kánsà ti máa ń mú àwọn ológbò funfun.

Bàbá Faruku, Toronto: Mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ bọ̀wọ̀ fún Toronto, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti bí àkọ́kọ́ wọn lọ́dún 1966, Prune lorúkọ rẹ̀. Houston ló fẹ́ sun wọ́n jẹ.

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester: Kó wá sí Manchester, òjò ò ní jẹ́ kó rí oòrùn rárá.

Bàbá Faruku, Toronto: Ọmọ Ọ̀fà, ọ̀dùnkún lẹ máa fún un jẹ.

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester: Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, Bàbá, ẹ má pè mí jáde o!

Ìyá Àlímá, Houston: Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Ológbò ìyá àgbà mi l'Ókè Àpómù, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ẹ̀gbẹ́ àmù ló máa ń sùn sí, lórí ilẹ̀ tútù yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn àmù yẹn.

Màmá Tóyìn, Maryland: Àti ìyá oníwàrà tó máa ń kọjá láàárọ̀.

Ìyá Àlímá, Houston: Ẹ má dárúkọ ẹ̀. Wàrà ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, mo ń wá bí mo ṣe máa fà á jáde. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi bóyá etí yẹn á jinná o.

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester: Ẹ̀yin ará Maryland, kí lẹ fi ń sé wàrà níbẹ̀ yẹn? Èmi ò rí ewé bòmubòmu.

Màmá Tóyìn, Maryland: Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ó ń dì, àmọ́ kì í ṣe ti Ìlọrin.