Ẹ má fi "owó-oore" rọ́pò àjẹmọ́nú

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìbàdàn.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún ìpàdé òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, èyí tí ẹ̀gbọ́n wa fi ṣọwọ́ lánàá. Wọ́n kú akitiyan. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé wọ́n pa "àjẹmọ́nú" rẹ́, ìyẹn àfikún tí òṣìṣẹ́ ń gbà mọ́ owó oṣù, wọ́n fi "owó-oore" rọ́pò rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé àwọn aṣòfin ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, pé "jẹ" inú rẹ̀ ń rùn bí owó ìlú tí wọ́n kó jẹ.

Ẹ̀gbọ́n, "jẹ" wo lẹ ń bá wí? Ṣé a kì í jẹ oyè ni? A kì í jẹ èrè, ká jẹ ogún baba ẹni, ká jẹ ìgbádùn? Ẹni tó jẹ gbèsè pàápàá kò jalè. À-jẹ-mọ́-inú ni mo tú u sí: ohun tí òṣìṣẹ́ ń jẹ mọ́ owó oṣù rẹ̀. Oore gan-an ni wàhálà. Olóore ló ni oore. Ó wù ú ló ṣe é, bí kò bá sì wù ú mọ́ lọ́la, ó ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Ìdọ̀bálẹ̀ ló kù fún ẹni tí a ṣe lóore. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ nítorí ohun tí tọ̀tún-tòsì ti buwọ́ lù?

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Owó ilé, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó ìsinmi, gírátúítì tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́: ìlà kọ̀ọ̀kan la ń jà lé lórí. Àwa á gbé iye tí wọ́n ń ta gàrí àti ìrẹsì ní ọjà Bódìjà kalẹ̀, a ó sọ iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn ń san. Àwọn agbanisíṣẹ́ náà á ṣí ìwé ìṣirò, wọ́n á ní èrè ò tó nǹkan. Nígbà kan, mánéjà gbé ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ wá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Òyìnbó pé àwọn ọ̀gá ṣe wá lóore owó ìsinmi. Alága wa fa bírò yọ, wọ́n fa ìlà gbọọrọ lórí gbólóhùn náà. Wọ́n tún ìwé tẹ̀ kí a tó buwọ́ lù ú. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, àdéhùn la ń gbé lọ síwájú onílàjà ìjọba, títí dé ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ta ló ń pẹjọ́ nítorí oore?

Ẹ wo owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 nínú 100 owó oṣù síbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 sí i. Oore dà níbẹ̀?

Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n. Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó yanṣẹ́ lódì ní 1945 nítorí COLA, ìyẹn àfikún owó nítorí ọ̀wọ́n gógó, ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń bèèrè. Nígbà tí owó Udoji, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, dé ní 1975, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì Agodi, orúkọ alága ìgbìmọ̀ tó dá àfikún náà lábàá ni bàbá mi sì fi ń pe owó náà títí wọ́n fi kú. Àfikún ti àwọn oṣù tó ti kọjá, tí ìjọba kó fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, owó àjẹsílẹ̀ ni wọ́n pè é. "Jẹ" mìíràn nìyẹn o, ẹ̀gbọ́n!

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan. Ìyá wa ní Mọ́kọ́lá ní "ìdúnàádúrà" tí a fi ń pe ìjíròrò òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lórí owó ti jẹ́ ti ọlọ́jà jù, pé ká lo "ìfikùnlukùn". Ìyá, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ìfikùnlukùn ni ti àwọn tí ohùn wọn ṣọ̀kan. Ní 2024, lórí owó oṣù tó kéré jù lọ, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pe ₦615,000, wọ́n já a sí ₦494,000, wọ́n tún já a sí ₦250,000. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ₦48,000, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ gòkè títí dé ₦62,000. ₦70,000 ni wọ́n wá pàdé sí, kí Ọ̀yọ́ tiwa tó sọ tirẹ̀ di ₦80,000. Bí èyí kì í bá ṣe ọjà níná, kí ni? Bí Ìyá bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí "ná" àti "rà" wà nínú rẹ̀, kí wọ́n gbé e wá.