Lódà katakata ń falẹ̀ nínú òtútù −31, ẹ gbà mí

Ọmọ Ṣakí, Winnipeg: Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ gbà mí o. −31°C la wà níbí láti àná. Katakata tí a fi ń kó yìnyín níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣiná dáadáa, àmọ́ lódà rẹ̀, apá iwájú tó ń gbé ẹrù, kò fẹ́ gbéra. Ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ń gba ogójì. Pọ́ọ̀ǹpù ń ké bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la la ó wọ ìsìn, yìnyín sì ti dé orúnkún. Ẹnìkan ní kí n da lítà méjì epo òyìnbó sínú ọ́ìlì haidrọ́líìkì, èyí tó ń fi agbára gbé lódà, kó lè ṣàn. Ṣé kí n dà á? Ọ̀pá tí mo fi ń darí lódà náà tún le gan-an.

Ìyá Ìbejì, Saskatoon: Má dà á! Àbúrò, gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn jìnnà sí katakata. Tó o bá dà á, wàá ra pọ́ọ̀ǹpù tuntun kí ìgbà òtútù yìí tó parí. Ọ́ìlì wo ló wà nínú rẹ̀ báyìí?

Ọmọ Ṣakí, Winnipeg: Ẹ ṣé mà. Ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ni, wọ́n kọ 303 sára rẹ̀. Òun ló dínwó jù.

Mẹkáníìkì, Regina: 303 kẹ̀! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. 303 gidi ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, nígbà tí Amẹ́ríkà ka òróró ẹja àbùùbùtán tí wọ́n fi ń ṣe é léèwọ̀. Èyí tí wọ́n ń rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lónìí, kò sí òdiwọ̀n tí ẹni tó ṣe katakata fọwọ́ sí nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Missouri ti fòfin de títà rẹ̀ lọ́dún 2017.

Ṣé ẹ rántí epo pupa nígbà ọyẹ́? Bó ṣe rí nínú sọ́ǹpù yẹn, ibi tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀, nìyẹn. Pọ́ọ̀ǹpù ń fà, ọ́ìlì kò tètè dé, ihò òfìfo wá ń yọ bí èéhó nínú rẹ̀. Bí èéhó yẹn ṣe ń bẹ́ ló ń jẹ irin. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn, ẹ má tẹ iná mọ́ ọn rárá.

Ọmọ Ìlọrin, Minneapolis: Àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ níbí ń da epo òyìnbó sí i, katakata wọn ò kú.

Mẹkáníìkì, Regina: Katakata ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ló ní táńkì haidrọ́líìkì tó dá wà. Nínú ọ̀pọ̀ ti òde òní, ọ́ìlì kan náà ló ń wọ gíà, òun ló ń wọ bíréèkì, òun ló ń wọ lódà. Epo òyìnbó á fọ ohun tó ń dáàbò bo eyín gíà dànù. Tó bá wá gbóná tán, ọ́ìlì ti ṣàn jù, lódà ò ní lè gbé ẹrù.

Ọmọ Ìlọrin, Minneapolis: Ìwọ̀nba ńkọ́? Ká ní lítà kan péré nínú ogún?

Ìyá Ìbejì, Saskatoon: Rárá. Kí la fẹ́ fi ṣe, nígbà tí ọ́ìlì tó ń ṣàn nínú òtútù wà lọ́jà? Tó bá jẹ́ katakata John Deere, ọ́ìlì tí wọ́n kọ J20C sí ni ti ojoojúmọ́, J20D ni ti òtútù. Tí lódà bá ní táńkì tirẹ̀, kúrò lórí ISO 46, bọ́ sí 32, tàbí 22 tí ìwé rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, ní 40°C ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Pààrọ̀ fíltà ọ́ìlì, kó o sì fọ sítírénà, asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Wo àwọ̀ ọ́ìlì tó bá jáde. Tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, omi náà á dì lára sítírénà, ọ́ìlì ò sì ní ríbi gbà.

Ọmọ Ṣakí, Winnipeg: Wọ́n ti ti ilé ìtajà mà. Alẹ́ òní ńkọ́?

Mẹkáníìkì, Regina: Híítà alámágínẹ́ẹ̀tì, 300 watt. Ẹ nu ìdọ̀tí àti yìnyín kúrò lábẹ́ sọ́ǹpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin gbalaja, kó má kan họ́ọ̀sì tàbí wáyà. Ẹ tì í bọ iná lálẹ́ yìí. Híítà ẹ́ńjìnnì kì í dé ọ̀dọ̀ ọ́ìlì ẹ̀yìn, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. 1,000 watt ti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú 300 yìí á fa bí 11 ampere ní 120 volt, nítorí náà wáyà tó nípọn, 12 gauge, ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti iná Kérésì.

Láàárọ̀, ẹ ṣiná, ẹ fi í sí 1,000 sí 1,200 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) fún ìṣẹ́jú 15. Kí ẹ wá máa gbé lódà sókè díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹrù. Tó bá ti dé òpin, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá gbóná tán tó ṣì ń falẹ̀, kì í ṣe òtútù mọ́. Ẹ wo kápúlà, ibi tí họ́ọ̀sì ti so pọ̀, bóyá ó wọlé tán.

Ìyá Ìbejì, Saskatoon: Tó bá ń jò, páálí ni kó o fi wá a, má fi ọwọ́. Ọ́ìlì tó ń fín jáde lójú ihò bíńtín máa ń gún awọ wọlé. Bí kò tiẹ̀ dùn ọ́, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ará Edmonton: −31 lẹ ń pariwo lé báyìí? Ẹ wá wo −40, níbi tí Celsius àti Fahrenheit ti ń pàdé.

Ọmọ Ṣakí, Winnipeg: Ẹ kọ́kọ́ wá dúró ní oríta Portage àti Main níbí kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Calgary: Tiwa, chinook, afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn, á kàn fẹ́ lọ́sàn-án, yìnyín á yọ́. Ẹ kó wá.

Ará Edmonton: Calgary ò sí nínú ọ̀rọ̀ òtútù, ẹ jókòó.

Ọmọ Ìlọrin, Minneapolis: Ọ̀rọ̀ epo pupa yẹn mú ilé sọ mí o. Àárọ̀ ọyẹ́, ìgò epo nínú oòrùn, ẹ̀gbẹ́ kan ti yọ́ pupa, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì le.

Ìyá Ìbejì, Saskatoon: Àti àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ògì. Ètè á ti bó, gìgísẹ̀ á ti là, inú wa á sì dùn.

Ọmọ Ṣakí, Winnipeg: Híítà ti wà lára rẹ̀, ọwọ́ ò ṣeé fi kan ibẹ̀ mọ́. Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀pá lódà tó le yẹn ńkọ́? Ṣé wáyà inú rẹ̀ ló dì ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Calgary: Ẹ dákun, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta epo pupa tí kò lábùlà ní Calgary?

Ará Edmonton: Edmonton ni. Ẹ gbéra.