Àwìn kọ́ ni 'tax credit': ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yọ owó náà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lórí bí a ó ṣe máa pe ọ̀rọ̀ owó orí ní Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná ní kí a máa pe 'tax credit', ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ kúrò lára owó orí tó yẹ kí èèyàn san, ní "àwìn owó orí", torí pé àwìn ni gbogbo wa ń pe 'credit' lọ́jà. Àbúrò wa tó ń ṣe olùkọ́ ní Mìnà ní rárá, "ẹ̀dínwó owó orí" ló yẹ. Ti àbúrò sàn díẹ̀ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì débi tó ń lọ.

Kí n kọ́kọ́ gbé àwìn kúrò nílẹ̀. Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà ní Nyanya àti Kubwa, ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ni "Kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la." Ẹni tó ra àwìn, gbèsè ló jẹ. Tí ẹ bá wá sọ fún awakọ̀ tàbí ọlọ́dẹ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan pé ìjọba fẹ́ fún un ní àwìn owó orí, ohun tí yóò gbọ́ ni pé wọ́n ń bọ̀ wá sin òun lówó tó bá yá. Yóò sá ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ bá a dín kù.

"Ẹ̀dínwó" kò burú, àmọ́ ó kó ohun méjì tó yàtọ̀ sójú kan náà. Owó ni mo máa fi ṣàlàyé rẹ̀.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Òkúdù 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026, ní kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó orí kàn lọ́dún. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà. Òfin náà tún ní kí a yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí èèyàn san lọ́dún, kó ṣáà má ju ₦500,000 lọ.

Ká mú olùkọ́ kan ní Lugbe tó ń gba ₦100,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,200,000 lọ́dún. Owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8, kó ₦96,000 lọ níbẹ̀, ó ku ₦1,104,000. Ká ní ₦300,000 ló ń san fún lánlọ́ọ̀dù, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Bí kò bá sọ̀rọ̀ owó ilé rárá, wọn yóò yọ ₦800,000 àkọ́kọ́ tí wọn kì í gba nǹkan lórí rẹ̀, ₦304,000 tó kù ni wọn yóò bu ìdá 15 lé, yóò san ₦45,600. Bó bá kọ ọ́ sílẹ̀, tí rísíìtì sì wà lọ́wọ́, ₦244,000 ni wọn yóò bù ú lé, yóò san ₦36,600. Ṣé ẹ rí i? ₦60,000 la yọ fún un, ₦9,000 péré ló dé àpò rẹ̀. Irú ibi báyìí ni àwọn èèyàn ti máa ń pariwo pé wọ́n ti jẹ owó àwọn. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Kí wọ́n tó ṣírò ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ká ní 'tax credit' ni ₦60,000 yẹn ni, kò ní kan owó oṣù rárá. Wọn yóò kọ́kọ́ ṣírò owó orí tán, ₦45,600, kí wọ́n tó wá yọ ₦60,000 lára owó orí náà fúnra rẹ̀. Owó orí á tán pátápátá, ₦14,400 á sì ṣẹ́ kù.

Àbá tèmi nìyí o: "àyọṣáájú" fún èyí tí a yọ kí a tó ṣírò, "àyọgbẹ̀yìn" fún èyí tí a yọ lẹ́yìn ìṣírò. Owó ilé àti owó ìfẹ̀yìntì, àyọṣáájú ni wọ́n. Owó tí ilé-iṣẹ́ ń ná sórí títì lábẹ́ àṣẹ tí Ààrẹ Buhari pa ní 2019, tí wọ́n wá ń yọ lára owó orí tiwọn, àyọgbẹ̀yìn nìyẹn. Nílẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló mọ adùn àyọgbẹ̀yìn, kì í ṣe òṣìṣẹ́ kékeré. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

₦14,400 tó ṣẹ́ kù wá ńkọ́? Earned Income Tax Credit tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1975 máa ń san irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré, pàápàá ẹni tó ní ọmọ. 'Tax credit' mìíràn wà tí kì í san án: bó bá ti pa owó orí rẹ́, ó parí. Mo fẹ́ kí a pe èyí tó ń san án ní "àyọgbẹ̀yìn oníṣéńjì". Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yóò ní ṣéńjì kì í ṣe Yorùbá. Ta ni kò gbọ́ ṣéńjì? "Àdápadà" tí àwọn kan ń mú wá ń ṣini lọ́nà, torí a kì í dá ohun tí èèyàn kò san padà fún un. Kí àdápadà wà fún ẹni tí wọ́n gba owó orí rẹ̀ jù.

Ti ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000, kò le. Òfin ní kí wọ́n má bu owó orí fún un rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦840,000 rẹ̀ lọ́dún ju ₦800,000 lọ. "Ìmóríbọ́" ni kí a máa pe ìyẹn. Níbi tí owó orí bá wà, ó yẹ kí ẹnì kan lè mórí bọ́.

Ó ku "ìrànlọ́wọ́ owó orí" tí àbúrò fi túmọ̀ 'tax help'. Mo fi han obìnrin aránṣọ kan ní Kubwa. Ó ní, "Èló ni wọ́n ń fúnni?" Àwọn tó ń jókòó ti èèyàn bá a kún fọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́, bí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí wọ́n ń pè ní VITA ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà, kì í fún ẹnikẹ́ni lówó. "Abániṣírò" ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni "ìbániṣírò owó orí". Ì bá dáa kí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àbújá ní irú wọn kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ti kó fọ́ọ̀mù owó orí tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju ṣéńjì lọ, tí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná náà yóò gbọ́ láìbéèrè, ẹ gbé e wá, n ó jọ̀wọ́ tèmi.