Ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń wọ ọ̀nà dísù ọkọ̀ akẹ́rù mi?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ́ńjìnnì dísù, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré mi, oní-lítà 2.5, tí mo fi ń kó ọjà láti Múṣin lọ sí Ìdúmọ̀tà, kì í jí bí ó bá ti sùn mọ́jú, àfi tí mo bá fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré orí fílítà ní nǹkan bí ìgbà 20. Nígbà náà ni yóò jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti pààrọ̀ fílítà àti àwọn plọ́ọ̀gì tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná, kò yí padà. Mo wá fi rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀ sáàárín fílítà àti pọ́ǹpù ńlá tó ń ti dísù sínú ẹ́ńjìnnì, mo sì rí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá bí ìfófòó ọṣẹ. Mẹkáníìkì mi ní kí a tú pọ́ǹpù ńlá, iṣẹ́ olówó gọbọi tí n kò fẹ́ fi ìméfò ṣe.

Bí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì dísù síbi tó ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, tí mo so ó mọ́ pọ́ǹpù ńlá tààrà, tí ọkọ̀ sì jí wọ́ọ́rọ́wọ́ lówùúrọ̀, ṣé ó dájú pé àwọn rọ́bà tó ti táńkì wá ló ń jò, àbí gíga kẹ́ẹ̀gì náà lè bo àṣírí sílì pọ́ǹpù (ohun tó ń dí ojú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé) tó ti jẹ?