Kí ló ń yí nínú "ìyípo ìṣẹ̀lẹ̀"?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ lórí orúkọ tí ẹ̀gbọ́n wa dábàá fún event loop, apá ètò (program) tó ń retí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ kó lè dá a lóhùn, nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ kóòdù níbí ní Òṣogbo fẹ́ ṣe nípa debugger, ètò tí a fi ń yẹ ètò mìíràn wò ká lè rí àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ìṣẹ̀lẹ̀ ni event, ìyípo ni loop, ká so wọ́n pọ̀, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rò pé ó parí.

Òótọ́ ni pé tí ẹ bá ṣí kóòdù rẹ̀ wò, ẹ ó rí while níbẹ̀, àṣẹ tó ń mú kóòdù yí padà sókè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Debugger tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, irú GDB tí Richard Stallman kọ ní 1986, kì í ṣe ẹyọ ohun kan ló ń gbọ́. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè tẹ àṣẹ nígbàkigbà. Ètò tí wọ́n ń yẹ̀ wò náà lè dúró nígbàkigbà: ó lè kan ibi ìdádúró (breakpoint), níbi tí a ti fi báìtì kan ṣoṣo, 0xCC, rọ́pò ohun tó wà níbẹ̀ lórí ẹ̀rọ x86 (irú ti Intel àti AMD), kí kernel, ọ̀gá ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sì fi àmì tó ń jẹ́ SIGTRAP dá a dúró. Ó sì lè ṣubú fúnra rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé read, tí a fi ń gba ọ̀rọ̀ lórí kíbọọ̀dù, á sùn títí ẹnì kan á fi tẹ nǹkan. Waitpid, tí a fi ń gbọ́ ìròyìn ètò, náà á sùn títí ètò á fi dúró. Bí o bá sùn sídìí ọ̀kan, o ò ní gbọ́ ti èkejì.

Ohun tí event loop wà fún ni pé kó dúró de gbogbo wọn pọ̀. Lórí Linux, á kó orúkọ ohun tó ń retí fún poll tàbí epoll, àwọn iṣẹ́ kernel tó lè ṣọ́ ohun púpọ̀ pọ̀, á sùn, kernel á jí i bí ọ̀kan bá dé, á dá a lóhùn, á tún padà lọ sùn. Oorun ló pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀.

Ẹ má rò pé àríyànjiyàn ẹnu lásán ni mò ń ṣe. Ẹni tí a bá kọ́ ní "ìyípo" á kọ ohun tó ń yí lóòótọ́. Irú kóòdù tí mò ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà nìyí: ṣé ètò ti dúró? Rárá. Ṣé ẹnì kan tẹ nǹkan? Rárá. Padà sókè. Fáànù kọ̀ǹpútà á máa ké, bátìrì á máa lọ sílẹ̀, ní ìlú tí a ti ń ṣọ́ bátìrì lójú méjèèjì. Wọ́n á wá ní kó sùn díẹ̀ láàárín, ká ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Fáànù á dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá fi ibi ìdádúró onímájẹ̀mú síbi tí ètò ń gbà kọjá nígbà 1000, pé kó dúró kìkì tí x bá ju 900 lọ. Gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀ ló máa dúró, kí debugger wo x, kó tó ní kó máa lọ. Oorun kékeré yẹn lè di ìṣẹ́jú-àáyá 10 gbáko.

Ẹ wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ. Rédíò di asọ̀rọ̀mágbèsì, tẹlifíṣọ̀n di amóhùnmáwòrán. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni wọ́n wò, wọn ò wo wáyà inú rẹ̀. Kódà ayárabíàṣá, tí èmi ò fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, ìwà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pe event loop ní adúródè. Ká fi ìyípo sílẹ̀ fún while àti for, níbi tí nǹkan ti ń yí.

Ìyípo gidi kan tiẹ̀ wà nínú adúródè. SIGCHLD, àmì tí kernel fi ń sọ pé nǹkan ti ṣe ètò, kì í tò sórí ìlà: bí ètò mẹ́ta bá dúró pọ̀, àmì kan ṣoṣo lè dé. Nítorí náà, bí o bá ti jí, o gbọ́dọ̀ máa pe waitpid pẹ̀lú WNOHANG, tó ní kó má sùn, léraléra títí yóò fi ní kò kù mọ́. Ẹni tó ní ká lo pidfd, ohun tí Linux fi ń tọ́ka sí ètò kan, dípò SIGCHLD, ẹ má bínú, ikú ètò nìkan ni pidfd ń sọ, kì í sọ ìdúró.

Ti "ìṣẹ̀lẹ̀" ńkọ́? Bí mo bá pe ilé pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní Ọláìyá, kò sẹ́ni tó máa rò pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n á bèèrè iye èèyàn tó farapa. Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Òkè-Baálẹ̀ ní ká lo àbọ̀, bí a ṣe ń jábọ̀ fún ẹni tó rán wa níṣẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí debugger ló rán ètò níṣẹ́, àbọ̀ ló sì ń retí. Ṣùgbọ́n ẹ má so ó mọ́ adúródè o. Bí ẹ bá pe "adúródàbọ̀" ní kíláàsì, àwọn ọmọ á rò pé a ti ń kí wọn pé ó dàbọ̀.

Àbọ̀ kò sì bá ti kíbọọ̀dù mu. Àṣẹ nìyẹn, kò sẹ́ni tó rán èèyàn níṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì da méjèèjì pọ̀ sínú event, àwa ò ní láti dà wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń kọ debugger gan-an gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀: bí ètò bá ń sáré lọ́wọ́, "fi x hàn mí" ní láti dúró tàbí kí a kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n "dá a dúró" gbọ́dọ̀ wọlé lójú ẹsẹ̀. Àbọ̀ ní tirẹ̀, a kì í kọ àbọ̀.

Àbúrò kan ní Òkè-Fìà ní ká pe poll ní olójúmẹ́rìndínlógún, bíi àtùpà Ọ̀ṣun. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì tún yé mi. Àmọ́ ojú mẹ́rìndínlógún kéré; select àtijọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ poll pàápàá ń wo tó 1024 nínú glibc, àkójọ kóòdù C tí Linux sábà ń lò.

Ó ku orúkọ ètò tí a ń yẹ̀ wò. Inferior ni GDB ń pè é. Àwọn kan ní "ọmọ", torí pé debugger ló sábà máa ń bí i pẹ̀lú fork. Ṣùgbọ́n debugger lè so mọ́ ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ kí òun tó dé, tí kò sì bí i rárá. Ṣé "ẹni-ìwádìí" ò ní dáa jù? Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?