Beowulf inú ewì àti ti inú fíìmù: báwo ni kí n ṣe é?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kábà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀. Nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó ń jẹ́ Beowulf, akọni kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn fa apá ànjọ̀nnú kan, Grendel, já, ó bá ìyá Grendel dé ìsàlẹ̀ omi, ó sì fi idà àwọn òmìrán tó rí níbẹ̀ ṣá a lọ́rùn. Nínú fíìmù ọdún 2007, kò pa á. Ó bá a sùn, ó purọ́ délé, ọmọ tó bí níbẹ̀ ló wá di dírágónì. Mo sọ ìyàtọ̀ yìí ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan lẹ́bàá fèrèsé sì ní, “Sà, ta wá ni ànjọ̀nnú?” Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Fíìmù yẹn wù mí, àmọ́ àwọn òbí ò ní gbà kí ọmọ wọn wò ó. Ṣé kí n kàn fẹnu rò ó fún wọn ni?