Higgs alákòópọ̀: ṣé ìpín ìtúká nìkan lè fi í hàn?

Gwagwalada_Fisiksi
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fi dátà ìtúká Higgs (bí boson Higgs ṣe ń fọ́ sí àwọn ègé mìíràn) dán àbá kan wò: pé boson yìí kì í ṣe ẹyọ kan, pé àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn ló so pọ̀ di í. Mo ṣírò ìpín bb sí ZZ (iye Higgs tó ń túká sí quark b méjì, tí a fi iye tó ń túká sí boson Z méjì pín) nínú MCHM4 (àwòṣe Higgs alákòópọ̀ kan) pẹ̀lú ξ = 0.1 (òǹkà tó ń sọ bí Higgs ṣe jẹ́ alákòópọ̀ tó), ṣùgbọ́n iye tó jáde kò yàtọ̀ rárá sí ti Standard Model (àbá tó wà nílẹ̀, níbi tí Higgs ti jẹ́ ẹyọ kan). Ibo ni kóòdù mi ti ṣìnà? Dátà ATLAS (ẹ̀rọ awárí kan ní CERN) tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ńkọ́, 10 fb⁻¹ (ìwọ̀n bí dátà ṣe pọ̀ tó) ní 13 TeV, ṣé ó tó?

Kubwa_Onisiro
Àbúrò, kóòdù rẹ ò ṣìnà. Nínú MCHM4, gbogbo agbára ìsomọ́ Higgs ló dín kù bákan náà, √(1−ξ), ì báà jẹ́ sí W àti Z, ì báà jẹ́ sí quark. Bí o bá fi ọ̀kan pín èkejì, ìdínkù náà á pa ara rẹ̀ rẹ́. Iye Higgs tí ẹ̀rọ ń bí ló máa tú u fó: μ = 1−ξ (μ ni iye tí a rí, tí a fi iye tí Standard Model sọ pín).

MCHM5, àwòṣe mìíràn irú rẹ̀, ló yàtọ̀. κ_V (ìlọ́po ìsomọ́ sí W àti Z) ṣì jẹ́ √(1−ξ), ṣùgbọ́n κ_F (ti quark àti àwọn fermion yòókù) di (1−2ξ)/√(1−ξ). Ní ξ = 0.1, wọ́n á jẹ́ 0.949 àti 0.843, ìpín bb sí ZZ á sì wálẹ̀ sí ìlọ́po 0.79. ξ ni v²/f²: v (iye pápá Higgs) jẹ́ 246 GeV, f sì ni ìwọ̀n agbára tó bá ìsopọ̀ àwọn nǹkan kéékèèké yẹn lọ, nítorí náà 0.1 yẹn túmọ̀ sí f bíi 778 GeV.

Ṣọ́ra fún γγ (ìtúká sí photon méjì): κ_γ² = 1.59κ_W² + 0.07κ_t² − 0.67κ_Wκ_t. W àti quark top (t) ń tako ara wọn níbẹ̀. Bí o bá gbàgbé àmì ìyọkúrò yẹn, gbogbo èsì rẹ á dàrú.

Zaria_Data
10 fb⁻¹ kò tó. Higgs ń jáde ní bíi 55 pb, ìyẹn bíi 550,000 Higgs nínú 10 fb⁻¹. Èyí tó ń túká sí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tàbí muon mẹ́rin jẹ́ bíi 0.0125%. Ìyẹn á fún ọ ní bíi 69, kí a tó yọ èyí tí ẹ̀rọ kò rí. √69 jẹ́ 8.3, ìyẹn 12%, ohun tí ò ń wá sì jẹ́ 10% péré. Fi dátà yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ìṣẹ̀lẹ̀ (MeV ni pT, ìyẹn momentum sí ẹ̀gbẹ́, níbẹ̀, pín in sí 1000 kó di GeV).

Fún ìdánwò gan-an, lo èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022. CMS (ẹ̀rọ awárí mìíràn ní CERN): μ = 1.002 ± 0.057. MCHM4 á fún ọ ní ξ = −0.002 ± 0.057. ξ kò lè wà lábẹ́ òdo, torí náà gé apá yẹn kúrò kí o tó wá 95%. Wàá rí ξ < 0.11, f á sì ju 740 GeV lọ. ATLAS: κ_V = 1.035 ± 0.031, κ_F = 0.95 ± 0.05. Má ṣe kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ o! Ìbátan àárín wọn (correlation) jẹ́ 0.39, 0.0006 ni kí o fi sí igun méjèèjì mátíríìsì covariance rẹ tí kì í ṣe ti 0.031² àti 0.05². Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Gwagwalada_Fisiksi
Ẹ ṣeun gan-an. Fáìlì ROOT (irú fáìlì tí dátà ATLAS wà nínú rẹ̀) wúwo fún dátà fóònù, iná sì ń lọ. Kí ni kí n ṣe?

Zaria_Data
Tábìlì HEPData (ibi ìkójọ èsì fisiksi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ló tó fún ìdánwò ξ, kò wúwo. Fún ti ROOT, fi uproot.iterate (uproot jẹ́ ohun èlò Python) ka ọ̀wọ́ tí o nílò nìkan, step_size "50 MB", kí o sì tọ́jú hísítógíráàmù lẹ́yìn fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ, ibi tí o dé náà ni wàá ti bẹ̀rẹ̀.